Kájú Òṣùwọ̀n

Èmi ni mo máa ń di àpò fún un.
Kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní Káńsẹ́lọ̀,
kí wọ́n tó lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri ibùdókọ̀ ojú irin Ṣábẹ̀ẹ́,
Báké Adéṣì ni, oníkajú,
tí í jókòó lórí àpótí ní ìkóríta ọ̀nà Kábúà,
ìnujú ní èjìká, bíírò létí,
òṣùwọ̀n onírin níwájú rẹ̀
bí ọmọ tí kì í sunkún.

Bí ọyẹ́ bá ti palẹ̀ mọ́ ní oṣù Ẹrẹ́nà,
àwọn àgbẹ̀ á gbé kẹ̀kẹ́ dé, àpò méjì lẹ́yìn, ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀.
Báké á ti ọmọ òṣùwọ̀n síwájú, á tì í sẹ́yìn,
á ní, "Ogójì kílò, ó dín méjì."
Àgbẹ̀ á họrí.
Nílé, ó dá a lójú pé ogójì ló pé.

Mo mọ ohun tó wà nídìí ọmọ òṣùwọ̀n.
Òjé kékeré ni, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Kílò méjì péré lórí àpò kan.
Ẹ wá bá mi ṣírò ẹgbẹ̀rún àpò:
lọ́rì mẹ́ta, ilé alájà lẹ́bàá òkè,
ọmọbìnrin méjì ní yunifásítì ní Kútọnù.
Bàbá mi tà fún un títí ó fi kú.
N kò sọ fún bàbá mi.
Owó Báké ni mo fi ń ra oògùn ikọ́ rẹ̀.

Ọdún tí afárá Bẹsé já
lọ́rì kan kó sódò, toun ti Sùúlé ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni Báké lọ sí lamẹ́rì nítorí afárá náà.
Ní ẹ̀kẹsàn-án, akọ̀wé kan ń bó ọ̀pẹ̀yìnbó,
kò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Màdáàmù, ẹ padà sídìí kajú yín.
Ọ̀rọ̀ ìlú, ẹ ò kájú òṣùwọ̀n."
Ó rẹ́rìn-ín títí a fi délé.
Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn yòókù pín ìrẹsì, wọ́n pín fìlà.
Báké dúró lábẹ́ igi máńgòrò ní Kábúà,
ó tú ẹ̀tì ìró rẹ̀,
ó mú òjé jáde, ó fi lé àgbà ibẹ̀ lọ́wọ́.
"Ohun tí mo fi ń jẹ yín nìyí.
Ẹni tó mọ ihò tí eku ń gbà
ni kí ẹ rán lọ dí i."

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ẹnìkan tutọ́.
Ìyá arúgbó kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní
ọ̀kánjúwà tó ti yó sàn ju èyí tí ebi ń pa.
Bó ṣe wọlé nìyẹn.

N kò ní pọ́n ọn kọjá bó ṣe mọ.
Kànga ẹ̀rọ tó gbẹ́ sí Àdídò, afẹ́fẹ́ ló ń fà.
Bí wọ́n bá ń ka ìwé Faransé gígùn nípàdé, oorun a gbé e lọ.
Ṣùgbọ́n afárá Bẹsé dúró,
òṣùwọ̀n ìlú sì dúró níwájú lamẹ́rì, ọ̀fẹ́,
tí gbogbo oníkajú fi di ọ̀tá rẹ̀.
Ìbò mọ́kànlá ni wọ́n fi yọ ọ́.

Ní Ẹrẹ́nà tó kọjá mo rí i lórí ìlà
níbi òṣùwọ̀n tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀,
àpò márùn-ún, ó ń dúró de tirẹ̀
lẹ́yìn ọmọdékùnrin kan tó gbé agbọ̀n.
Ó bi mí léèrè ìyàwó mi. Kò bi mí ní nǹkan míràn.

Àgbà Kábúà kò dá òjé padà.
Ọmọ ọmọ rẹ̀ ti so ó mọ́ àwọ̀n, ó fi ń pẹja l'Ọ́pàrà.
Èmi, bí oorun bá kọ̀,
mo máa ń ka àpò bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan,
kílò méjì, kílò méjì,
n kì í ka ibẹ̀ tán kí àkùkọ tó kọ.