Ojú Ewé Funfun

Lábẹ́ àpótí àlùbọ́sà ni mo ti rí i, lókè àjà:
ìwé irà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, eku ti jẹ igun kan.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n fi dán wa wò
nílé ìwé Soosalu, ní àríwá Ẹ́stóníà:
Kí ni òǹkọ̀wé sọ nípa omi? Kọ ọ́ ní ìlà márùn-ún.
Mo kọ márùn-ún, mo gba máàkì, mo gbàgbé.

Ọkùnrin tó kọ ọ́ kò ṣe nǹkan méjì ju kí ó máa kà lọ.
Ó ka ẹyin inú ìtẹ́, ó ka igbe ọ̀pọ̀lọ́ lóru,
ó ka òjò lórí ewé kan ṣoṣo títí oorun fi gbé e lọ.
Èmi náà ń kà:
mo ń ka iye ojú ewé tó kù kí n tó lọ jó.
Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kà àti kà.
Ọ̀nà wọn ni kò pàdé.

Mo nu awò ojú mi. Mo jókòó ti sítóòfù.
Níta, yìnyín ìkẹyìn ń rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Ojú ìwé kẹtàdínlọ́gbọ̀n: "Koríko irà kì í kú tán.
Orí rẹ̀ ń hù, ìdí rẹ̀ ń di ilẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún ọdún ni ó fi ń ga dé ìbàdí àgbà."
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ́ńsù mi, ọwọ́ ọmọdé: Ó ti pẹ́ jù.
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ìsàlẹ̀.

Heldur ọkọ mi ló wa katakata níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ó gbẹ́ kòtò tí omi gbà sá lọ,
ó ha ilẹ̀ dúdú bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò,
wọ́n sá a, wọ́n gé e, ó di ohun ìdáná.
Bàtà àwọn ọmọ, owó ibẹ̀ ni.
Sítóòfù tí mo jókòó tì yìí,
ẹgbẹ̀rún ọdún ló ń jó nínú rẹ̀ láàárín oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán.
Àwo tí mo fi jẹun, n kò ní fọ́ ọ.

Heldur kì í ṣe ẹni ibi. Tó bá kan ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà,
á pa ẹ́ńjìnnì, á sọ̀ kalẹ̀,
á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni gbé tíì gbígbóná.
Kò mọ̀ pé ìyá ẹyẹ kì í tẹ̀lé àdírẹ́sì tuntun.
Òǹkọ̀wé mọ̀. Ó wà ní ojú ìwé ọgọ́ta.
Mo kà á fún ìdánwò. N kò kà á fún ọkọ mi.

Nígbà tí ìwé kù díẹ̀ kó parí, ọkùnrin náà dákẹ́.
Ó fi ojú ewé kan sílẹ̀ ní funfun, ó kọ sí òkè rẹ̀:
"Kọ ohun tó wà lẹ́yìn ilé rẹ síbí."
Kí ni mo kọ? Heldur. Heldur. Heldur.
Ìgbà mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú òdòdó ní igun.
Irà wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà, ó fẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọ̀run,
àkọ̀ ń ké níbẹ̀ tí fèrèsé fi ń gbọ̀n,
orúkọ ọmọkùnrin kan ni mo rí.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ kan dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà,
wọ́n fi pákó dí kòtò, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.
Heldur kò ríran mọ́. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe?"
Mo ní, "Wọ́n ń dí i."
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
Ó ní, "Sọ fún wọn pé kòtò kẹsàn-án jìn ju bí wọ́n ṣe rò lọ."

Àyè kù díẹ̀ lábẹ́ àwọn Heldur wọ̀nyẹn.
Mo gbẹ́ pẹ́ńsù. Mo kọ ọ́ kéékèèké:
Omi, ó ti dé pákó kẹta.
Koríko rírọ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.
Àkọ̀, mo gbọ́ ọ, n kò rí i. Ọ̀kan.

Láti orí ibùsùn, ohùn rẹ̀: "Mélòó?"
Mo ní ọ̀kan.
Ó ní, "Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."