Ìlà Tó Kẹ́yìn

Ní Hull, lẹ́bàá odò Humber, níbi tí atẹ́gùn ti ń já fìlà gbà lórí èèyàn,
èmi ni mo ń kọ èsì fún ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù wa.
Mi ò lè ju nǹkan kan. Iṣẹ́ ẹrù rírù ní èbúté ti ba èjìká mi jẹ́.
Wọ́n ní, "Akínlùyì, ìwọ lo mọ ìṣirò, gba pẹ́ńsùlù."
Mo gbà á. Ọdún kẹsàn-án rèé.

Bí sáà bá parí, mo máa ń jókòó ti tíì tó ti tutù,
mo máa ń ka iye ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan borí,
mo máa ń ka iye ìgbà tó fìdí rẹmi,
ẹ̀rọ ìṣirò á pín in, mo á sì tò wọ́n sílẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́: Gárẹ́tì, ọmọ Leeds.
Ìgbà mẹ́ta ló jù, ìgbà mẹ́ta ló borí,
oòrùn ràn lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Odindi ni. Kò lábùkù.
A ò sì fojú kàn án mọ́ láti oṣù kẹfà.

Ẹnì kejì: Ìṣọ̀lá, ọmọ àbúrò mi, mẹ́fà nínú mẹ́jọ.
Ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹsẹ̀ ẹni tí ajá ń lé,
ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ pé àwọn ará Sheffield ń bọ̀,
inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Ẹnì kẹta, ẹnì kẹrin, ẹ jẹ́ á fò wọ́n.

Ìlà tó kẹ́yìn: Tẹ́rẹ́nsì apínlẹ́tà.
Mẹ́rin nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Ẹ̀rọ ń kọ ọ́ lọ gbọọrọ: méjì, mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà,
bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò dúró.

Ta ló ń jù nígbà tí òjò bá sọ pápá di ẹrẹ̀?
Ta ló ń jù lọ́jọ́ tí èèyàn mẹ́sàn-án ò pé,
tí a fi bàbá arúgbó tó wá wòran dí àyè?
Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá leji ń pa.
Tẹ́rẹ́nsì mọ ilé gbogbo ìlú;
eji ló mọ ilé tirẹ̀.

Mo lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn.
Ìṣọ̀lá ya fọ́tò orúkọ ara rẹ̀.
Tẹ́rẹ́nsì dé, báàgì lẹ́tà ṣì wà léjìká,
ó kà á láti òkè wá sísàlẹ̀, ó pẹ́ kó tó débẹ̀.
Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́nu.
Ó ní, "O ṣì í. Mẹ́rìndínlógún ni.
O gbàgbé ti Grimsby,
ọ̀sẹ̀ tí o lọ sin ìyá rẹ nílé."
Ó yọ bírò, ó fagi lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo tún un pín. Méjì, márùn-ún.
Ó dúró.
Ẹyọ kan nínú mẹ́rin, kò ṣẹ́kù.

Mo bi í pé ta ló kọ èsì ọjọ́ náà sílẹ̀.
Ó ní kò sẹ́ni.
Ó mú ṣọ́bìrì, ó lọ ń tún òkìtì tí wọ́n ń dúró lé jù ṣe.
Sáà ti parí. Mi ò sọ fún un.