Ìwé Gbèsè Bàbá Mi

Ìdìbò ku ọ̀la.
Iná ti lọ láti àárọ̀ ní Òkèsà.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń wá káàdì ìdìbò mi
nínú àpótí aṣọ tí bàbá mi fi sílẹ̀.
Ìwé gbèsè rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí,
ikán ti jẹ ẹ́ létí:
*Ọ̀gúnrìndé ará Ẹdẹ, ìró méjì, ó ku ṣílè mẹ́ta.*
*Ìyá Àṣàkún, Ìkìrun: ó ní ó di ìgbà iṣu.*

Òṣómàáló ni bàbá mi.
A gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Iléṣà kí àkùkọ tó kọ,
a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.
Òjò a pa á, oòrùn a pa á.
Kò ní bú èèyàn, kò ní mú igi.
Á kàn lóṣòó ni, títí ojú á fi ti ẹni tó jẹ ẹ́.

Ta ni ká lóṣòó tì ní orílẹ̀-èdè yìí?
Ilẹ̀kùn rẹ̀ dà?
Ó jẹ mí lówó ìfẹ̀yìntì oṣù mọ́kànlá.
Ó jẹ àdúgbò wa ní ọ̀dà tí wọ́n ti ṣèlérí lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó jẹ Fọláṣayọ̀ ọmọ mi ní ìdí kan ṣoṣo
tí kò fi yẹ kó lọ:
nọ́ọ̀sì tó ń fi iná fóònù gbẹ̀bí.
Ó ní, "Màámi, ẹ má sunkún, màá máa pè."
Ó ń pè lóòótọ́.
Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ mi, oòrùn ṣì ń ràn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lánàá, Ọláòṣebìkan kanlẹ̀kùn.
Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò ní kíláàsì kẹrin.
Ó gbé ìrẹsì kóńgò kan kalẹ̀
pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, kò wo ojú mi.
"Tíṣà, ẹ ṣáà tẹ̀ka síbí."
Mo ní, "Pín in sí ọdún mẹ́rin.
Mélòó ló kan ọjọ́ kan?"
Ó fi ìka kọ ọ́ sára ògiri, ó ṣí ètè:
"Náírà mẹ́ta, mà, àti kọ́bọ̀ díẹ̀."
Ó dákẹ́. Ó ní,
"Tíṣà, mi ò tíì jẹun láti ìjẹta."
Mo dá owó padà.
Mo se ìrẹsì. Àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹ́.
Ẹ má bi mí bóyá ó dùn.

Mo ti wá rí káàdì báyìí.
Àwòrán mi inú rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.
Ẹ̀rù ń bà mí, kì í ṣe ti ìbọn nìkan;
ẹ̀rù pé a ó dìbò tán,
ilẹ̀ á mọ́, á sì jẹ́ ilẹ̀ àná.

Síbẹ̀, mi ò ní tètè wálé lọ́la.
Orúnkún mi ò gba òṣòó mọ́,
màá gbé àga kékeré lọ sábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé.
Wọn á ka ìbò náà lójú mi,
wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lójú mi.

Ojú ìwé kan ṣì ṣófo nínú ìwé bàbá mi.
Mo wá pẹ́ńsù, mo kọ *Nàìjíríà* sí i.
Níbi iye owó,
mo ń di pẹ́ńsù náà mú.