Ilẹ̀ Ló Ń Yí I

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà lábẹ́ igi ọsàn
ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Baálẹ̀,
Pijó píkọ̀ọ̀pù tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi aró tó ti ṣá.
Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀.
Bàbá wa fi kó pákó láti Ìkìrun rí.
Ó fi gbé ìyá mi wọlé,
lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ó fi gbé ìyá Sàláwù wọlé,
ìjókòó kan náà.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ní rélùwéè
owó ọwọ́ mi kò tó kọ́lé, ó sì ju ohun tí à ń jẹ tán lásán.
Mo ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Mùdàṣírù.
Ó gbé ìdí lé e níwájú; ọkọ̀ rì wọlẹ̀, kò dìde mọ́.
"Iwájú ti kú," ó ní. "Ẹ̀yìn ṣì ń mí."

A wá ojúlówó, a ò rí i.
A rí sípíríìnì lára Tòyótà kan tó forí sọ afárá.
A rí táí-rọ́ọ̀dù Dátsùn
tí ìyá kan kàn mọ́lẹ̀ tó fi ń so ewúrẹ́.
Sókì jẹ́ ti Mítsúbíṣì.
Ọ̀kanlàwọ́n tó ń jó irin rẹ́rìn-ín:
"Kò sí irin méjì tí iná mi ò lè so yìgì fún."

Ọkọ̀ dìde. Ó tiẹ̀ ga ju ti àtijọ́ lọ.
Sàláwù ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ rẹ̀.

Lórí ọ̀dà tó tẹ́jú
ó ń lọ bí ọmọ tí wọ́n ṣèlérí owó fún.
Lójú ọ̀nà Ìlobùú, táyà wọ kòtò,
sítíárì jà mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀.
N ò yí i. Mo búra, n ò yí i.
Kòtò kejì, ó yà sósì, sọ́dọ̀ ọlọ́kadà kan
tó bú mi títí tó fi bú ẹni tó kọ́ mi lọ́kọ̀.
Bàbá wa ló kọ́ mi.

Ọ̀gá Mùdàṣírù sùn sábẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ẹni méjì ló ń gbé pákó kan níbí.
Apá tó di táyà mú ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀;
táí-rọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ bá a rìn, ìṣísẹ̀ kan náà.
Sípíríìnì yìí ti gbé ẹnìkan ga ju èkejì lọ.
Bí táyà bá ti fò, èyí tó kúrú á fà á létí.
Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń yí i, bàbá.
Ilẹ̀ ló ń yí i."

Ọ̀kanlàwọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kóun fi iná tẹ irin náà,
díẹ̀ báyìí, bí ìka méjì.
Ọ̀gá ò gbóhùn sókè.
Ó gba iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á.

Oṣù méjì kọjá.
Ní Ìrágbìjí, Pijó kan wà tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù sí lẹ́yìn.
A ra iwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀,
sípíríìnì, apá, táí-rọ́ọ̀dù, tìpatà-tìpatà,
a ò ya ọ̀kan kúrò lára ọ̀kan.
Opó tó ni ín ní ká ṣáà fi nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀ fóun.

Lánàá, Sàláwù ló wà nídìí sítíárì.
Bàbá kan ló bí wa; ẹ má bi mí ní ti ìyá.
A dé ibi kòtò ọjọ́sí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Mò ń wo ọwọ́ rẹ̀, òun náà ń wò ó.
Ọkọ̀ wọ̀ ọ́, ó jáde, ó ń lọ gbọnrangandan.

Ọwọ́ ọ̀tún ṣì ń dún kó, kó, kó.
Sókì Mítsúbíṣì nì.
Sàláwù ní a ó máa wá a.