Òṣómàáló Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú un wọlé.
Mo ní, "Ajá? Nínú wọ́ọ̀dù ọmọdé?"
Nọ́ọ̀sì ò dá mi lóhùn. Ó ń fi omi ísáàlì
fọ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹranko náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
bí ẹni ń wẹ ìkókó.

Ajá ilé lásán ni, aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ pupa Iléṣà,
etí òsì rẹ̀ gé díẹ̀ lókè.
Tíṣà Fápohùndà ló ni ín, arúgbó Àyèsọ̀
tí ìjọba ti ní kó lọ sinmi, tí kò sinmi.
Fọ̀rọ̀lọ̀mí lorúkọ tó sọ ọ́,
ó fi ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀
tí wọ́n ta ilẹ̀ láì fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́.
Ìjà ẹbí lorúkọ náà ti wá.
Ẹ wo ibi tó wá wúlò sí.

Iṣẹ́ taya ni mò ń ṣe, lẹ́bàá Ìmọ̀.
Ri rọ́bà sínú omi, wàá rí ibi tó ti ń jò:
omi á máa hó, á máa pè ọ́ wá síbẹ̀.
Ọmọ tèmi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje,
ẹ̀mí ń jò lára rẹ̀,
àwọn dókítà gbé e sínú ẹ̀rọ, wọ́n gbé e jáde,
wọ́n ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Níbo nínú ẹ̀jẹ̀?
Kò sí páàṣì tí mo lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣíjúwọlá la sọ ọ́. Kò ṣíjú mọ́.
Ó kọjú sí ògiri. Bí mo bá wọlé,
á ní kí n má fọwọ́ kan òun,
nítorí gbogbo ọwọ́ tó ń kàn án,
abẹ́rẹ́ ló ń tẹ̀ lé e.

Ajá yẹn ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.
Ó kàn lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
bí bàbá bàbá mi ṣe ń lóṣòó
sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè nílùú òkèèrè,
ẹrù aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òṣòó ni màá ló gbowó mi,
oòrùn ìbáà ràn, òjò ìbáà rọ̀.
Wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n gbé e padà.
Fọ̀rọ̀lọ̀mí lóṣòó.
Ìka kan yọ lábẹ́ aṣọ ìbora,
ìka kan ṣoṣo, ó rì sínú irun ọrùn ajá,
ó dúró síbẹ̀.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Ọmọ tó fẹ́ sọnù mà gbọ́ èémí ajá.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Obìnrin tí kò sunkún níṣojú mi
láti ọjọ́ tí wọ́n ti dárúkọ àìsàn náà,
mo bá a ní kọ́rídọ̀, lórí ìkúnlẹ̀,
ó ń bá ajá sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà pọ́nbélé,
ohun tí kò sọ fún mi, tí kò sọ fún pásítọ̀.
Mo fẹ̀yìn rìn padà.
Mo jowú díẹ̀, n ò ní purọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, bẹ́ẹ̀dì kẹfà ṣófo.
Ajíbóyè, ọmọ Ìbòkun kékeré yẹn,
tó máa ń pe ajá ní "ọ̀gá mi".
Wọ́n ti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fọ ilẹ̀.
Kò sẹ́ni tó fọ̀rọ̀ lọ Fọ̀rọ̀lọ̀mí.
Ó lọ síbẹ̀, ó gbóòórùn irin, ó lóṣòó.
Tíṣà fa okùn. Kò dìde.
A fi í sílẹ̀. Gbèsè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lè san,
síbẹ̀ ẹnìkan gbọ́dọ̀ lóṣòó tì í.

Ọmọ mi ló pè é nígbẹ̀yìn,
ohùn rẹ̀ bí atẹ́gùn tó kù nísàlẹ̀ taya:
"Fọ̀rọ̀lọ̀mí, wá."
Ó wá wò mí. Ó wò mí dáadáa.
Ó ní, "Bàbá, òórùn rọ́bà wà lọ́wọ́ yín.
Ẹ fi kàn mí."

N ò mọ ohun tí àyẹ̀wò máa sọ lọ́jọ́ Ajé.
Mo lóṣòó.