Wáyà Lókè Àjà

Yìnyín la bá ní Vilseck,
yìnyín lórí òrùlé, yìnyín lórí bàtà ṣọ́jà.
Bọ́ọ̀sì já wa sí ẹnu géètì bárékè
pẹ̀lú àpótí mẹ́fà, ọmọ kan, oyún oṣù méje,
àti ajá tí kò tíì tọ̀ láti Baltimore.
Terrell fi ọwọ́ ọ̀tún bẹ́rí fún ọ̀gá,
ó fi tòsì di ajá mú.

Yàrá kan ni wọ́n fún wa nílé àlejò.
Ọgbọ̀n ọjọ́ péré, ni wọ́n wí.
Mo ń ka ọjọ́ náà bí ẹlẹ́wọ̀n,
àyàfi pé ẹlẹ́wọ̀n mọ ibi tó máa sùn lọ́la.

Ní ọ́fíìsì tó ń báni wálé,
Lothar mú báírò pupa lé ìwé:
ilé yìí, wọn ò fẹ́ ajá;
èyí, àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀ ju ikùn mi lọ;
tọ̀hún, owó rẹ̀ kọjá agbára sájẹ́ǹtì.
Ìjọba rán wa kọjá òkun,
kò rán òrùlé tẹ̀lé wa.

Ilé kẹsàn-án ni ti Màmá Hölzl,
Kreszentia, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé.
Ó wo ẹsẹ̀ wa kó tó wo ojú wa.
A bọ́ bàtà. Ó mi orí.
Ó ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná:
ògiri ni mo rí.
Kò sí sítóòfù, kò sí síǹkì,
páìpù méjì lanu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tí ebi ń pa.
Mo gbójú sókè, wáyà mẹ́ta ń fì lókè àjà,
kò sí gílóòbù. Yàrá gbogbo, bákan náà.
Mo ní, "Ìgbà wo lolè jà yín?"
Terrell fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.
Lothar ní rárá o, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn:
ẹni tó bá kó lọ, á kó síǹkì rẹ̀, á tú iná rẹ̀,
á fi òkùnkùn sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Mo wo ilé yìí títí.
Kí là ń sọ ọmọ
tí ìyá rẹ̀ ń fọ abọ́ nínú ibi ìwẹ̀?

A fọwọ́ sí ìwé, ojú ewé mọ́kànlá,
odindi méjì lórí pàǹtírí nìkan:
bébà sínú garawa búlúù, ike sínú ti ìyeyè,
a kì í da ìgò nù lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ọjọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́ gan-an
ni wọ́n kó Terrell wọgbó lọ fún ìdánrawò ogun,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ẹrù wa ṣì wà lójú òkun,
ìkòkò mi, bẹ́ẹ̀dì ọmọ, àwòrán ìyá mi.
Èmi, Dwayne àti ajá sùn lórí tìmùtìmù aláfẹ́fẹ́.
Nígbà tó fi máa di aago méjì òru, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la bá ara wa.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń wá ibi tí n ó ti tọ̀.
Lára férémù ìlẹ̀kùn, ìlà pẹ́ńsùlù:
Loretta, ọdún mẹ́ta.
Loretta, ọdún mẹ́rin.
Kò sí ọdún márùn-ún.
Gbogbo ògiri ilé ló gba ọ̀dà funfun,
ẹni tó kùn ún yẹ ibẹ̀ sílẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.
Màmá Hölzl ni, àkàbà léjìká,
àgbá iná àtijọ́ kan lábíyá.
Ó ń sọ èdè rẹ̀, mò ń sọ tèmi,
mo di àkàbà mú, mò ń bẹ Ọlọ́run.
Iná tàn.
Ó tọ́ka sí ikùn mi, ó bi mí ní nǹkan kan.
Mo rò pé orúkọ ni. Mo ní, "Kò tíì ní."
Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́,
ó sì fi ìka kan náà tọ́ka síta:
garawa búlúù ni mo gbé sẹ́nu ọ̀nà,
ọjọ́ ìyeyè sì ni.