Iná Kékeré Kan

Ọjọ́rú ni mo gbé Másídà bàbá mi lọ sí Ẹlẹ́yẹlé
kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbọ́ òórùn ohun tó ń mí síta.
Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ẹrẹ̀ Sángo ṣì wà lára táyà.

Ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ náà wáyé ti kú lọ́dún tó kọjá,
lórí òkè Mọ́kọ́lá, pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì méjì ní búùtù.
Kò pariwo. Ó kàn mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
bí àgbà tó jókòó tí kò fẹ́ dìde mọ́.

Ṣàkírù ló bá mi ra òmíràn ní Géètì,
tòkunbọ̀, wọ́n fi okùn ọ̀rá so ó bí ewúrẹ́ iléyá,
epo ìlú onílùú ṣì ń kán ní ìdí rẹ̀.
"Ọdún méjì ni ọkọ̀ yín fi gba ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ ẹ̀,
ẹ má fòyà," ló wí, ó gbá a pẹ́pẹ́.
"Kí ọkàn kéré ju ara lọ, ìyẹn ò burú.
Kó dàgbà jù ú lọ ni wọn ò fẹ́."

Mo lọ búra ní kóòtù Ìyágankú
pé èmi, Ìbíwùmí Ọ̀jẹ́wálé, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta,
mo pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, n kò jí i.
Akọ̀wé lu òǹtẹ̀, ó gba owó, ó sín.

Ọmọbìnrin tó yẹ ọkọ̀ wò kò ju àkọ́bí mi lọ.
Olúgbọ́dẹ ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀.
Ó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ sàlẹ́ńsà, ó ní kí n tẹ iná,
kí n tún tẹ̀ ẹ́,
nọ́ńbà ń gòkè, ń sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níbi tó dára.
Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ti ń wá owó tíì.

"Ẹ pa á, mà. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì ṣáná sí i."
Iná ọ́ìlì tàn, ti bátìrì tàn, ti bíréèkì tàn.
Àyè kan ṣókùnkùn láàárín wọn bí eyín tó ká.
"Iná ẹ́ńjìnnì dà? Ó yẹ kó kọ́kọ́ tàn ná, kó tó kú.
Èyí tí kò tàn rárá, kì í ṣe pé ara rẹ̀ yá.
Wọ́n dí i lẹ́nu ni."

Mo pe Ṣàkírù. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé káàdì ti tán.
"Ẹ má bínú, mọ̀mí. Wáyà kan ló ṣẹ́kù tí n kò mọ ilé ẹ̀.
Iná yẹn ò gbà kó kú. Mo bá yọ gílóòbù ẹ̀."

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí mò ń wá ìwé ọkọ̀,
àpótí iwájú Másídà yìí ni mo ti bá káàdì Orítamẹ́fà.
Ìgbà mẹ́ta ni dókítà dá fún bàbá mi, ìgbà mẹ́ta ni kò lọ.
Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù,
tó ń ká a ní ìlọ́po mẹ́rin.
Eruku ni, á ní. Eruku Ìbàdàn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ṣàkírù fi wá ilé fún wáyà náà,
tóọ̀ṣì lẹ́nu, orí lábẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì, kò jẹ, kò ṣépè.
Nígbà tí mo padà sí Ẹlẹ́yẹlé, iná tàn, pupa rúsúrúsú,
mo ṣáná, ó kú fúnra rẹ̀.
Olúgbọ́dẹ fọwọ́ sí ìwé láìwojú mi.
Ọkọ̀ mọ́kàndínlógún ló wà lẹ́yìn mi.

Mo dúró nílé epo kan ní Sángo.
Mo pa ọkọ̀, mo tún yí kọ́kọ́rọ́, n kò ṣáná.
Mo kàn ń wo iná kékeré yẹn.
Káàdì tèmi wà nínú báàgì, lábẹ́ búrẹ́dì.
Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ síbẹ̀, aago mẹ́jọ.
Elépo ń kan fèrèsé: "Mọ̀mí, ẹ ń rà àbí ẹ ò rà?"